Ta ló ń lo Wi-Fi ilé yín? Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì tì í síta

Ní Àgọ́ Aláyè àti káàkiri Ọ̀rẹ̀, MiFi tàbí ráútà tí wọ́n ki SIM sí ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń lo Wi-Fi. Orúkọ ẹnìkan ló wà lórí SIM yẹn, wọ́n sì ti so ó mọ́ NIN onítọ̀hún. Ẹni tó bá yọ́ wọlé kò kàn ń jẹ dátà lásán: bó bá fi lu jìbìtì, orúkọ onílé ni àwọn agbófinró lè kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá wọ Wi-Fi ní àdírẹ́sì méjì. Èkíní ni MAC, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un: àmì 12 ni, nọ́ńbà pẹ̀lú lẹ́tà A sí F. Èkejì ni IP, tí ráútà ń pín fún ẹ̀rọ bó ṣe ń wọlé, irú bíi 192.168.1.7. Ẹ rí IP bíi nọ́ńbà ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì Èkó sí Benin tó ń dúró ní Ọ̀rẹ̀: ẹni tó jókòó sí 7 lónìí lè bọ́ sí 3 lọ́la.

Láti mọ àwọn tó wà lórí Wi-Fi yín, ẹ ṣí Chrome lórí fóònù tó ti wà lórí rẹ̀, kí ẹ tẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sábẹ́ ráútà síbẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1. Yóò béèrè páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti Wi-Fi. Bó bá ṣì jẹ́ “admin”, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yí pa dà, torí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Connected devices” sí. Ẹ pa Wi-Fi àwọn ẹ̀rọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi fóònù tí ẹ fi ń wò ó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, àlejò ni.

Ọ̀pọ̀ ráútà lè fi MAC dí ẹ̀rọ lọ́nà. Ó wúlò, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e. Láti ìgbà Android 10 ní 2019 àti iOS 14 ní 2020, fóònù lè máa lo MAC tó ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ dípò ti ilé iṣẹ́. Ẹni tí ẹ dí lè yí ìyẹn pa dà, kó sì wọlé bí ẹni tuntun. Páswọ́ọ̀dù tuntun ló ń tì í síta ní tòótọ́, pẹ̀lú WPA2 tàbí WPA3. Kó má sì jẹ́ nọ́ńbà fóònù bàbá ilé o. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ẹ rántí pé ẹni tí ẹ bá fún lè fi QR code lórí fóònù rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìbi yín. Fún àwọn àlejò, ẹ wò ó bóyá ráútà yín ní “Guest Wi-Fi”: ó ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, ẹ sì lè pa á nígbàkigbà láìdí onílé lọ́wọ́.

Ti kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló yàtọ̀. Bí iná bá lọ tó dé, ráútà lè fún wọn ní IP mìíràn, kí fóònù má sì rí wọn mọ́. Ẹ wá “Address reservation” nínú ráútà, kí ẹ so MAC wọn mọ́ IP kan ṣoṣo níbẹ̀.