Eré Tí Kò Bá Ilé Rẹ̀ Wó: Ìtàn Doom Láti Ọdún 1993

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 1993 ni ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ id Software, ní ìlú Mesquite ní ìpínlẹ̀ Texas, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé eré orí kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n sọ ní Doom. Eré ìyìnbọn ni. Ẹni tí ó ń ṣe é kì í rí akọni inú eré náà. Ojú akọni yẹn ni ó fi ń ríran, ọwọ́ tí ó di ìbọn mú nìkan ni ó sì máa ń hàn níwájú rẹ̀. Yóò máa rìn nínú yàrá àti ọ̀nà tóóró, yóò máa ṣí ilẹ̀kùn, yóò sì máa bá àwọn iwin àti òkú tí ó jí dìde jà. John Carmack ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àṣẹ tí ń mú eré náà rìn. John Romero àti Sandy Petersen wà lára àwọn tí ó ṣètò àwọn ibùjà rẹ̀. Bobby Prince ni ó kọ orin rẹ̀. Apá kìíní nínú apá mẹ́ta ni wọ́n fún ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìyókù yóò fi owó ránṣẹ́. Orí kọ̀ǹpútà Yunifásítì Wisconsin ni wọ́n ti kọ́kọ́ pín in, èrò tí ó sì ń dúró dè é pọ̀ débi pé ó ṣòro fún àwọn tí ó ni eré fúnra wọn láti ráyè gbé e síbẹ̀.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe Doom fún ti di ẹrù orí àjà, síbẹ̀ eré náà ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn rà lánàá ju bí ó ti ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí a bí i lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn, àti ohun tí ó fà á, ni ìtàn yìí dá lé.

Ilé tí Doom kọ́kọ́ gbé ni DOS, ètò tí ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà nígbà náà. Nínú DOS, eré tí ó bá wọlé ni baálé. Doom a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ to àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, a máa bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀ láìsí alágbàsọ, a sì máa gbọ́ bọ́tìnnì tí ènìyàn tẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbọ́. Kọ̀ǹpútà oní-386 tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 4 ti gbé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Òmìnira yìí ni ó jẹ́ kí eré náà yá tó bẹ́ẹ̀. Òun náà ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Windows dé bí onílé tuntun tí kò gbà kí ayálégbé kan fọwọ́ kan wáyà iná. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwòrán hàn, kí ó wá sọ fún onílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ohùn dún, kí ó gba ọ̀dọ̀ onílé. Microsoft mọ̀ pé àwọn olùfẹ́ eré kò ní fi DOS sílẹ̀ bí kò bá sí ohun tí yóò fà wọ́n. Ní 1995, Bill Gates fúnra rẹ̀ fara hàn nínú fídíò kan, ó wọ ẹ̀wù òjò, ó gbé ìbọn lọ́wọ́, ó dúró sáàárín àwòrán Doom, ó ń polówó Windows 95. Gabe Newell, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ Microsoft nígbà náà, ni ó darí iṣẹ́ tí ó sọ eré náà di Doom 95, tí ó jáde ní 1996. Ìtọ́jú yẹn kò kúkú tọ́jọ́. Nígbà tí Windows XP gba ipò ní 2001, máòsì kò bá Doom 95 ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí Windows oní-bíìtì 64 sì dé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn yàrá tí wọ́n fi pamọ́ fún àwọn ètò DOS pa pátápátá.

Ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ fún gbogbo eré DOS: ní 2002 ni DOSBox kọ́kọ́ jáde, ètò tí ó ń ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, pẹ̀lú káàdì ohùn rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ó kọ́ ilé àtijọ́ sínú ilé tuntun. Doom ń gbé inú rẹ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ju bí ó ti ń ṣe ní 1993 lọ. Ọ̀nà kejì ni ọ̀pọ̀ eré kò rí gbà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Carmack ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ nínú Doom. Èkíní ni ẹ̀rọ inú eré, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe ya ògiri àti bí iwin yóò ṣe rìn. Èkejì ni ẹrù: àwòrán, orin, ìró ìbọn, ìlà àwọn yàrá. Gbogbo ẹrù náà ni wọ́n dì sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí WAD. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbé ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ibùjà tiwọn kí ọdún 1994 tó parí. Nítorí ìyàsọ́tọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe fún id láti fi ẹ̀rọ tọrẹ láìfi ẹrù tí ó ṣì ń tà tọrẹ.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni ó ta ayé ní ọrẹ náà: kóòdù Doom, bí àwọn tí ó kọ ọ́ ti kọ ọ́, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè kà á. Kì í ṣe ti DOS ni ó gbé jáde o, ti Linux ni, nítorí pé ará ìta ni ó ni àwọn àṣẹ tí ń darí ohùn nínú ti DOS; id kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Bernd Kreimeier ni ó tún kóòdù náà tò kí ó tó jáde. Àṣẹ àkọ́kọ́ kò gba òwò láyè, ṣùgbọ́n ní 1999 ni wọ́n yí i sí GPL, àṣẹ tí ó gba gbogbo ènìyàn láyè láti lò ó, láti tún un ṣe àti láti pín in, bí wọ́n bá ṣáà ti fi kóòdù àtúnṣe wọn han àwọn tí wọ́n pín in fún. Níbẹ̀ ni ọwọ́ ọmọdé tí kò tó pẹpẹ ti pàdé ọwọ́ àgbà tí kò wọ kèrègbè.

Ó pani lẹ́rìn-ín pé lára ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi kóòdù náà ṣe ni pé wọ́n gbé e padà sí DOS, wọ́n sì pè é ní DOSDoom. Ní 1998, TeamTNT gbé Boom jáde, Randy Heit sì gbé ZDoom jáde. Láti orí àwọn wọ̀nyí ni ìran tuntun ti ń bí ìran tuntun. Bí Windows bá yí padà, ẹnì kan yóò tún ibi tí ó yí padà kọ. Kò sí ẹni tí ó ní láti dúró de id.

Ṣùgbọ́n kí ni à ń pè ní kí eré àtijọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa? Àwòrán ni kí a kọ́kọ́ wò. Píkísẹ́lì, ìyẹn àmì kéékèèké tí àwòrán fi ń di odindi, tí Doom ń lò jẹ́ 320 ní ìbú àti 200 ní gíga. Ojú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà ga díẹ̀ ju bí iye yìí ti fi hàn lọ, nítorí náà píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan gùn sókè ju bí ó ti fẹ̀ lọ. Àwọn ayàwòrán id sì fi èyí sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń yà. Lórí kọ̀ǹpútà òde òní, píkísẹ́lì dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ènìyàn bá kàn ń gbé àwòrán náà tóbi láìronú, akọni á sanra, á kúrú, gbogbo iwin á dà bí ẹni tí wọ́n fi odó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi 1.2 sọ gíga di púpọ̀, kí 200 dà bí 240. Lójú kọ̀ǹpútà oní-1600 sí 1200, ìṣirò yìí bọ́ sí i wẹ́kú: ìlọ́po márùn-ún ní ìbú, ìlọ́po mẹ́fà ní gíga. Lórí àwọn tí ó fẹ̀ bí ti òde òní, yálà kí òkùnkùn wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tàbí kí a jẹ́ kí akọni rí ògiri tí kò rí ní 1993.

Ìrìn rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ eré àtijọ́ ń sáré bí ẹṣin tí ó já okùn lórí kọ̀ǹpútà tuntun, nítorí bí kọ̀ǹpútà bá ti yára tó ni àwọn náà ń yára. Doom kò ṣe bẹ́ẹ̀. Aago ni ó ń wò, ìgbésẹ̀ 35 ni ó sì ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ojú kọ̀ǹpútà òde òní sábà máa ń tún àwòrán yà ní ìgbà 60 láàárín àkókò kan náà, 35 kò sì pín 60 dọ́gba, ìrìn á wá máa ta gìrìgìrì. Ọgbọ́n tí àwọn alátùn-únṣe dá ni pé kí ètò máa ya àwọn ipò tí ó wà láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, nígbà tí ìpinnu inú eré, ẹni tí ọta bà àti ẹni tí kò bà, ṣì wà ní 35 bí ti àtijọ́. Máòsì náà nílò ìtọ́jú: ní 1993, bí ènìyàn bá ti máòsì síwájú, akọni á rìn síwájú, èyí tí ó ń bí ọmọ òde òní nínú; wọ́n fi àyè sílẹ̀ láti pa á. Ní ti orin, ẹ̀rọ kékeré Yamaha tí ó wà nínú káàdì Sound Blaster ni ó ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Kò sí i nínú kọ̀ǹpútà mọ́. Ètò mìíràn ni ó ń sín in jẹ báyìí.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti àṣìṣe. Doom ní òdiwọ̀n: bí ilẹ̀ àti òrùlé tí ó yẹ kí ó yà lẹ́ẹ̀kan náà bá pín sí ọ̀nà tí ó ju 128 lọ, eré á kú lójijì. Boom mú òdiwọ̀n yìí kúrò. ZDoom fi wíwo òkè àti fífò kún un. GZDoom, tí Christoph Oelckers bẹ̀rẹ̀ ní 2005, fi ìmọ́lẹ̀ ìgbàlódé sí i. Ní 2005 kan náà ni Simon Howard gba ọ̀nà mìíràn lọ. Chocolate Doom rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan kò yẹ̀ níbẹ̀: ibi tí Doom ti kú ní 1993 ni òun náà ti ń kú.

Ó lè dà bí ìwà òmùgọ̀, àfi bí ènìyàn bá mọ ìdí rẹ̀. Láti 1994 ni ìdíje COMPET-N ti ń gba àkọsílẹ̀ àwọn tí ó yára parí eré náà. Àkọsílẹ̀ náà kì í ṣe fídíò. Bọ́tìnnì tí ènìyàn tẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni, eré fúnra rẹ̀ ni yóò tún un ṣe. Bí àtúnṣe kékeré kan bá yí ìṣirò kan padà, akọni á ṣìnà, á máa fi orí gbá ògiri, á máa yìnbọn sí afẹ́fẹ́ títí iwin yóò fi pa á. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Àwọn àṣìṣe Doom ti di Doom. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé tí wọ́n fi àkọtọ́ àtijọ́ tẹ̀ mọ irú àríyànjiyàn yìí: ṣé kí a fi “aiye” àti “enia” sílẹ̀ bí òǹkọ̀wé ti kọ wọ́n ni, àbí kí a yí wọn sí “ayé” àti “ènìyàn” kí ọmọ ilé-ìwé lè rí i kà? Àwọn tí ó fẹ́ ṣeré pọ̀ lẹ́yìn GZDoom. Lójú ẹni tí ń wá ìtàn, Chocolate Doom ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó le jù, nítorí òun ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí àwọn yòókù yí padà. Crispy Doom, tí Fabian Greffrath bẹ̀rẹ̀ ní 2014, dúró sáàárín: ó sọ píkísẹ́lì di ìlọ́po méjì, ó mú òdiwọ̀n kúrò, ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Gbogbo èyí ì bá má ṣeé ṣe bí kò bá sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sí ìwé ní 1997. Ní ọdún 2000 ni Monolith ṣe The Operative: No One Lives Forever, eré ìyìnbọn tí amí obìnrin kan tí ń jẹ́ Cate Archer jẹ́ akọni rẹ̀, Fox Interactive ni ó gbé e jáde, ìyìn sì pọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà Warner Bros. ra Monolith, Fox Interactive bọ́ sọ́wọ́ Vivendi, Vivendi sì da ẹ̀ka eré rẹ̀ pọ̀ mọ́ Activision. Nígbà tí Night Dive, ilé iṣẹ́ tí ń jí eré àtijọ́ dìde, fẹ́ tún un ṣe ní 2014, kò rí ẹnì kan tí yóò sọ pé òun ni òun ni ín, kí ó sì fún un láṣẹ. Owó wà, ọgbọ́n wà. Ìgbìyànjú náà forí ṣánpọ́n. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó dè é mọ́lẹ̀, nítorí Doom fi ọdún méje jù ú lọ.

ZeniMax ra id ní 2009. Ní oṣù Keje ọdún 2019, Bethesda, tí ó wà lábẹ́ ZeniMax kan náà, gbé Doom tuntun jáde fún àwọn ẹ̀rọ òde òní, ó sì ní kí ẹni tí ó bá rà á kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣe eré tí ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1993. Ariwo ta. Wọ́n mú òfin náà kúrò. Ó di oṣù Kìíní ọdún 2020 kí àtúnṣe tó dé tí ó jẹ́ kí ìrìn rẹ̀ di 60, tí ó sì fún ènìyàn láyè láti tún gíga àwòrán ṣe, ohun tí àwọn aláìgbowó ti yanjú tipẹ́tipẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Nightdive kan náà tí ilẹ̀kùn tì mọ́ lójú nídìí Cate Archer bá wọn ṣe òmíràn, Doom àti Doom II nínú àpò kan. Èyí gba àwọn ibùjà tí àwọn ènìyàn ṣe fún Boom wọlé, Boom tí TeamTNT kọ ní 1998 láti inú kóòdù tí id fi ta ayé lọ́rẹ.