Àgbádárìgì: Èbúté Tí Èkó Gba Iṣẹ́ Rẹ̀

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí Àlùfáà Gollmer ti ìjọ CMS kọ́ sí etí ọ̀sà Àgbádárìgì ní 1845, pé ọdún 180 ní 2025. Àwọn tó ń mú àlejò rìn ìlú á nawọ́ sí i, wọ́n á dárúkọ Àjàyí Crowther, wọ́n á kọjá. Wọn kì í sọ pé ilé ọ̀hún kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí iṣẹ́ èbúté fi bọ́ lọ́wọ́ ìlú.

Àwọn Ògù ló tẹ ibẹ̀ dó. Àdúgbò mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olóyè tirẹ̀, ló para pọ̀ di ìlú: Jegba ti Akran, Ahovikoh ti Wawu, Boekoh ti Mobee, Posukoh ti Possu, Awhanjigo ti Jengen, Asago ti Bala, Ganho ti Agoloto, àti Whalako ti Finnih. Akran ni olórí gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó gba Jegba lọ.

Ìlú náà kò fojú kan òkun. Ọ̀sà ló wà níwájú rẹ̀, erékùṣù Gberefu wà lódìkejì. Ọkọ̀ ọpọ́n ló ń gbé ẹrù sọdá, àwọn èèyàn á rù ú la iyanrìn kọjá dé etíkun, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó ń dúró sí lókèèrè. Ẹrú ni wọ́n kọ́kọ́ kó gba ibẹ̀; epo pupa tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní 1845, Àgbádárìgì gbà á sílé, bí wọ́n ti gba Adélé, ọba Èkó mìíràn, ṣáájú rẹ̀. Oore yẹn di ogun. Àwọn kan nínú ìlú wà lẹ́yìn Kòsọ́kọ́. Àwọn yòókù pẹ̀lú Ẹ̀gbá wà lẹ́yìn àlejò. Ní oṣù Okúdù 1851 ìbọn dún láàárín àdúgbò sí àdúgbò, ọ̀pọ̀ ilé sì jóná. Ká sọ ọ́ láìṣègbè, ìjà ìdílé ọba Èkó ló sun òrùlé Àgbádárìgì.

Kí ni wọ́n fi san án? Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ní 1852 Gollmer fúnra rẹ̀ kó lọ sí Èkó, òwò náà sì ṣí tẹ̀ lé e. Èkó ní ẹnu òkun, Àgbádárìgì kò ní. Rélùwéè tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 kò yà sí Àgbádárìgì. Nígbà tí wọ́n wá fi òkúta ti ìgbì sẹ́yìn lẹ́nu òkun Èkó, tí ọkọ̀ ńlá fi ń wọlé tààrà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ló pa èbúté náà, kò ka ìtàn.

Ìyókù kò gùn. Igi Agia tí míṣọ́nnárì Freeman wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842 wó ní 1959. Volkswagen ṣí ilé iṣẹ́ sójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní 1975, ó dákẹ́ nígbẹ̀yìn. Ìjọba ti ibodè Sẹmẹ ní oṣù Ògọ́ọ́sì 2019, ọ̀pọ̀ awakọ̀ àti oníṣòwò jókòó sílé. Àgbọn àti ẹja ṣì ń bọ́ ọ̀pọ̀ agboolé, àwọn obìnrin ṣì ń se àdín àgbọn tà. Èbúté omi jíjìn tí wọ́n ṣèlérí fún Àgbádárìgì kò tíì kúrò lórí ìwé nígbà tí wọ́n ṣí ti Lekki ní oṣù Kìíní 2023: apá ìlà-oòrùn Èkó ni wọ́n tún gbé e lọ.