Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó dàgbà ju ọjà Makola lọ: Ta ló ni Hearts of Oak?

Ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Yorùbá ló ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó ti pàtẹ rí ní ọjà Makola, ní Accra. Ọdún 1924 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọjà náà. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí àwọn ọmọ ìlú dá sílẹ̀ nítòsí ibẹ̀ ti ń lọ sí ọdún 13.

Hearts of Oak ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá, ọdún 1911 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Ga Mashie, ìyẹn Accra àtijọ́ tó wà létí òkun, níbi tí Ussher Town àti James Town wà.

Lọ́dún 1979, àwọn ológun wó apá ọjà Makola tí wọ́n ń pè ní Nọ́mbà 1 palẹ̀. Hearts ṣì wà. Òun ló dàgbà jùlọ nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ghana.

Bọ́ọ̀lù wọ Accra

Cape Coast ni bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, kì í ṣe Accra. Lọ́dún 1903, àwọn ọmọ ilé ìwé kan níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ Excelsior sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wọn, ọmọ Jamaica kan tó ń jẹ́ Briton. Kò pẹ́ tí eré náà fi dé Ga Mashie. Ẹgbẹ́ Invincibles ti wà níbẹ̀ kí Hearts tó dé, àwọn méjèèjì ló sì kọ́kọ́ máa ń wá ara wọn níjà.

Lọ́dún 1922, Gómìnà Gordon Guggisberg, ẹni tó kọ́ ilé ìwòsàn Korle Bu, dá ìdíje Líìgì sílẹ̀ fún ìlú Accra. Hearts ló gbé ife ẹ̀yẹ náà.

Pupa, yẹ́lò àti búlúù ni aṣọ wọn títí dòní. Ọ̀rọ̀ àmúlò wọn ni pé èèyàn kò gbọdọ̀ juwọ́ sílẹ̀ títí egungun rẹ̀ yóò fi jẹrà. Ẹni tó bá mọ bí ará Ìbàdàn ṣe ń sọ̀rọ̀ Shooting Stars yóò mọ ohun tí Hearts jẹ́ fún àwọn ọmọ Ga. Ogún ìdílé ni.

Ọdún 1954 ni Great Olympics dé, láàárín àwọn ọmọ Ga kan náà. Olympics gba Líìgì Ghana lọ́dún 1970 àti 1974. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ òun àti Hearts kì í ṣe ìjà ìlú sí ìlú bíi ti Hearts àti Asante Kotoko, ẹgbẹ́ Kumasi tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1935. Ìjà inú ilé ni, irú èyí tí bàbá àti ọmọ lè jọ jáde láti ilé kan náà lọ wò, kí wọ́n má sì jọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá dé.

Ìjọba náà fẹ́ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀

Oṣù Karùn-ún ọdún 1957, oṣù méjì péré lẹ́yìn òmìnira Ghana, ni Stanley Matthews gúnlẹ̀ sí Accra. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Ballon d'Or. Ọmọ ọdún 42 ni, ó wọ aṣọ Hearts, ó sì kojú Kotoko. Wọ́n fi í jẹ oyè ọba bọ́ọ̀lù, wọ́n pè é ní Soccerhene.

Kwame Nkrumah ti rí ohun tí bọ́ọ̀lù lè ṣe fún orílẹ̀-èdè tuntun. Lọ́dún 1961, òun àti Ohene Djan, tó ń darí eré ìdárayá, dá ẹgbẹ́ Real Republikans sílẹ̀. Wọn kò wá ọmọ kékeré tí wọn yóò kọ́. Àwọn tó dáńtọ́ jùlọ nínú àwọn ẹgbẹ́ tó kù ni wọ́n kó. Baba Yara ti Kotoko wà lára wọn.

Ẹgbẹ́ náà lágbára lóòótọ́. Ó gba Líìgì ní sáà 1962 sí 1963, ó sì gba ife ẹ̀yẹ FA ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra. Àmọ́ àdúgbò wo ló ni í? Kò sí. Ààrẹ ló ni í. Nígbà tí àwọn ológun lé Nkrumah kúrò lórí oyè ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 1966, Republikans bá a lọ. Ẹgbẹ́ ìjọba kò ju ọdún márùn-ún lọ láyé, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ wọn sì padà gba ọmọ wọn.

Lọ́dún 1969, ìjọba Kofi Busia lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Ghana, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀ ní Makola. Àwọn tó lọ nígbà náà kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí Hearts kó àwọn atamátàsé márùn-ún jọ: Mohammed Polo, Peter Lamptey, Mama Acquah, Robert Hammond àti Anas Seidu. Hearts dé àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ àwọn akọgun ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1977, Hafia ti Conakry na wọ́n. Wọ́n tún dé ibẹ̀ lọ́dún 1979, Union Douala fi pẹ̀nárítì borí wọn.

Ọdún 2000 ni ọ̀nà là. Cecil Jones Attuquayefio ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Hearts na Espérance 2-1 ní Tunis àti 3-1 ní Accra, wọ́n sì gba Champions League, Líìgì àti ife ẹ̀yẹ FA lọ́dún kan náà.

Ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 2001

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìdùnnú yẹn, Kotoko wá sí Accra. Kotoko ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Ishmael Addo gbá méjì wọlé fún Hearts.

Inú bí àwọn alátìlẹ́yìn Kotoko kan, wọ́n fa àga ọlọ́rá yọ, wọ́n ń jù ú sẹ́bàá pápá. Ọlọ́pàá yin afẹ́fẹ́ tajútajú sí àárín èrò. Àwọn èèyàn sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá géètì ní títì. Ẹni tó lé ní 120 ló kú sórí àtẹ̀gùn àti lẹ́nu géètì, ọ̀pọ̀ nínú wọn nítorí pé wọn kò rí èémí mí.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí agbẹjọ́rò Sam Okudzeto darí dá ọlọ́pàá lẹ́bi pé wọ́n ki àṣejù bọ̀ ọ́. Wọ́n gbé ọlọ́pàá mẹ́fà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn pápá ìṣeré náà, ère ọkùnrin kan wà tó gbé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò sí ohun tó fi hàn bóyá Hearts tàbí Kotoko ni ẹni tó gbé e dání.

Lọ́dún 2011, nígbà tí Hearts pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ta ìpín ìdókòwò fún aráàlú. Togbe Afede XIV, ọba àwọn Asogli ní Ho, ni alága ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ Ewe ni, kì í ṣe ọmọ Ga, àwọn kan ní Ga Mashie kò sì tíì dákẹ́ lórí ẹni tó ni ẹgbẹ́ bàbá wọn.

Hearts gba Líìgì lọ́dún 2021, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2009. Ní oṣù díẹ̀ sí i, Wydad Casablanca na wọ́n 6-1 ní Morocco. Ní ti Great Olympics, wọ́n já kúrò nínú Líìgì àgbà lọ́dún 2024. Ní sáà tó tẹ̀lé e, kò sí ìjà inú ilé kankan ní Ga Mashie.