Páálí Àwo Orin, Iná Kalakuta àti Blockchain: Ta Ni Ẹlẹ́rìí Iṣẹ́ Ọnà?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya bo ilé kan ní ojúlé 14, Agege Motor Road, ní ìhà Ìdí-Òro ní Muṣin. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni ó ń gbé ibẹ̀, Kalakuta Republic sì ni orúkọ tí ó sọ ilé náà. Wọ́n na àwọn ará ilé, wọ́n ju ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì ti iná bọ ilé náà. Ìyá yìí kò bọ́ nínú ọgbẹ́ ọjọ́ náà títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978. Àwọn tó ń kọ ìtàn Kalakuta ti kọ púpọ̀ nípa ìyà àti ẹ̀jẹ̀, bí ó sì ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Èyí tí wọn kì í dúró lé lórí ni ti àwọn ohun tó jóná. Lára wọn ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún The Black President, fíìmù tí Fẹlá ń ṣe nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Iná mú un lọ, fíìmù náà kò sì jáde bí a ti pète rẹ̀.

Àwòrán ilé náà, ní tirẹ̀, kò jóná. Ní ọdún 1974, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, Lemi Ghariokwu, ti yà á sórí páálí àwo orin Alagbon Close. Lórí páálí yìí, Fẹlá ń jó, ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ti já. Ẹja àbùùbùtán ń dojú ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá dé. Àtìmọ́lé Alagbon ti wó lápá kan, ilé Kalakuta sì dúró ṣinṣin lápá kejì. Èyí ni àkọ́kọ́ nínú páálí 26 tí Ghariokwu ṣe fún Fẹlá. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ìgbà tí ó kọ́kọ́ gbé àwòrán kan lọ fún Fẹlá, tí ìyẹn sì kọ ìwé sọ̀wédowó fún un, ó kọ̀, kò gba owó náà. Ìwé tí yóò máa fi wọ Kalakuta nígbàkúùgbà ni Fẹlá wá fún un.

Bí a bá béèrè bí a ṣe mọ̀ pé ọwọ́ Ghariokwu ni ó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, ìdáhùn kò le: orúkọ rẹ̀ wà lára páálí. Páálí náà kò sì sí lójú kan. Kí iná Muṣin tó sọ, ó ti wọ ilé àwọn olólùfẹ́ orin ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní òkè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ pa orúkọ náà rẹ́, tàbí tó fẹ́ fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, yóò ní láti kan ilẹ̀kùn gbogbo wọn.

Ìlànà tí blockchain dúró lé nìyẹn: kí ẹ̀rí kan náà wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọn kò mọ ara wọn. Àwọn oníṣòwò ọjà Ojúwòyè mọ irú rẹ̀ nínú àjọ. Alájọ a fi àmì sínú káàdì tó wà lọ́wọ́ oníbàárà, a sì fi irú rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ìjà dé. (Wọ́n ní orí Alájọ Ṣómólú ni ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n irú orí bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀.) Blockchain sọ káàdì méjì yìí di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kọ̀ǹpútà púpọ̀ ni ó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ kan náà, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sì gbé àmì ti ìṣáájú rẹ̀ dání, tó fi jẹ́ pé kò sí bí a ṣe lè fa ọ̀kan ya láàárín kí àwọn yòókù má tú u fó. Ohun tí a ń kọ sínú rẹ̀ nípa àwòrán kì í sábà jẹ́ àwòrán náà gan-an. Ó lè jẹ́ àdírẹ́sì ibi tí àwòrán wà, ó sì lè jẹ́ ohun tí a lè pè ní ìtẹ̀ka rẹ̀, ìyẹn òǹkà gígùn kan tí kọ̀ǹpútà ṣírò láti inú fáìlì. Bí a bá yí àmì kékeré kan ṣoṣo padà nínú fáìlì náà, òǹkà yìí yóò yí padà pátápátá.

Ọgbọ́n yìí ṣáájú NFT. Ní ọdún 1991 ni Stuart Haber àti Scott Stornetta, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè fi àkókò sí ìwé orí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè dá ọjọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn, àní ẹni tó fi àkókò sí i pàápàá. Láti ọdún 1995, ilé iṣẹ́ wọn ń tẹ irú òǹkà yìí sínú ìwé ìròyìn New York Times lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ta ni yóò kó gbogbo ẹ̀dà ìwé ìròyìn nílẹ̀ nítorí kí ó lè yí òǹkà kan padà? Bitcoin bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ìwé tó sì ṣàlàyé rẹ̀ dárúkọ iṣẹ́ Haber àti Stornetta. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, Kevin McCoy fi iṣẹ́ ọnà rẹ̀, Quantum, sí orí blockchain. Ethereum dé ní ọdún 2015, ìlànà ERC-721 tí ọ̀pọ̀ NFT ń tẹ̀ lé sì jáde ní ọdún 2018.

Ọdún 2021 ni ariwo náà dé Èkó. Lẹ́yìn tí Christie's ta iṣẹ́ Beeple ní oṣù Kẹta fún owó tó ju mílíọ̀nù 69 dọ́là lọ, àwọn ayàwòrán Nàìjíríà tí ilé àfihàn kò kà sí bẹ̀rẹ̀ sí í rí oníbàárà. The Red Man, iṣẹ́ Anthony Azekwoh, tà ní 25,000 dọ́là. Ní oṣù Kẹwàá, Christie's tà lára iṣẹ́ Osinachi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ ìkọ̀wé Microsoft Word ni ó fi ń yàwòrán. Ọdún yìí kan náà, ní oṣù Kejì, ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n má ṣe bá àwọn oníṣòwò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe pọ̀. Ẹni tó ta àwòrán lórí Ethereum kò rí ojú báńkì gba owó rẹ̀ gba. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni báńkì náà tó tú àṣẹ yẹn ká, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí blockchain ní oṣù Karùn-ún.

Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n sábà ń fi bo ìbéèrè tó ṣe pàtàkì fún òpìtàn mọ́lẹ̀: kí ni ìwé yìí jẹ́rìí sí gan-an? Ó jẹ́rìí pé ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ báyìí kọ nǹkan báyìí sílẹ̀ ní àkókò báyìí. Kò lè jẹ́rìí pé ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó yà á. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, OpenSea fúnra rẹ̀ kéde pé ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ohun tí àwọn ènìyàn fi irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ ṣe tó jẹ́ iṣẹ́ tí a jí, ayédèrú tàbí pàǹtírí. Qing Han, ayàwòrán tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Qinni, kú ní oṣù Kejì ọdún 2020. Ní ọdún kejì, àwọn kan ti sọ àwòrán rẹ̀ di NFT ní orúkọ rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Kò sí àṣìṣe nínú bí ìwé àkọsílẹ̀ ṣe tọ́jú gbogbo èyí. Olè ni ó kọ́kọ́ dé ìdí ìwé.

Muṣin ti rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn iná Kalakuta, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Anya. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé sójà tí a kò mọ̀ ni ó dáná sun ilé náà, lójú ọ̀sán gangan, lójú ọ̀pọ̀ èrò. Ìwé ìjọba ni, ó ní òǹtẹ̀, ó ní ọjọ́, a sì tọ́jú rẹ̀. Ká ní blockchain ti wà nígbà náà, tí a sì kọ gbólóhùn yẹn sí i, títí di òní olónìí kò ní sí ẹni tó lè yọ lẹ́tà kan kúrò nínú rẹ̀. Irọ́ náà yóò kàn le sí i ni. Ohùn mìíràn ni ó dá a lóhùn: Fẹlá sọ ọ́ di orin, Unknown Soldier, ní ọdún 1979. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yin ìwé tí a kò lè pa rẹ́ ti da àìyípadà pọ̀ mọ́ òtítọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí òpìtàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni kí ó máa yẹ àkọsílẹ̀ tí kò yí padà wò bóyá òótọ́ ni.

Iṣẹ́ ọnà àtijọ́ fàyè gba irú àtúnyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1910 ni Leo Frobenius rí orí idẹ tí a mọ̀ sí Orí Ọlọ́kun ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1949, Leon Underwood àti William Fagg sọ pé èyí tó wà ní Ifẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, pé ẹ̀dà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, títí ìwádìí tuntun tí Paul Craddock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 fi dá orí náà láre. Idẹ ni wọ́n bi léèrè, idẹ sì ní ohun tí yóò sọ. Fáìlì kò ní idẹ nínú. Ẹ̀dà rẹ̀ àti ojúlówó rẹ̀ kò fi ìwọ̀n ewé kan yàtọ̀ síra, nítorí náà gbogbo ẹrù ẹ̀rí bọ́ sórí àwọn ohun tó yí iṣẹ́ náà ká: àwòrán àkọ́yà, fáìlì tí ìpele iṣẹ́ ṣì hàn nínú rẹ̀, lẹ́tà tí ayàwòrán àti oníbàárà kọ síra wọn, àwọn tó jókòó tì í nígbà tí ó ń ṣe é. Ìtẹ̀ka ìwọ̀nyí gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọ orí blockchain, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, ọjọ́ ọjà ni a sábà ń dúró dè.

Ní ti ìpamọ́, ìtàn Hic et Nunc ni ó sún mọ́ ti Muṣin jù lọ. Ọjà NFT ni, lórí blockchain Tezos, níbi tí àwọn ayàwòrán tí kò lówó lọ́wọ́ ti lè fi owó kékeré forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ẹni tó dá a sílẹ̀ tì í pa lójijì. Àkọsílẹ̀ wà lórí Tezos. Àwọn àwòrán wà lórí IPFS, níbi tí a ti ń ṣírò àdírẹ́sì fáìlì láti inú fáìlì fúnra rẹ̀, tó sì jẹ́ pé yóò wà ní ìwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kó ara jọ, wọ́n tún ojú ọjà náà ṣe, orúkọ tuntun tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń lò ni Teia. Ti FTX kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ yẹn wó ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwòrán àwọn NFT tó dá lé kọ̀ǹpútà rẹ̀ pòórá, nǹkan ìní wọn sì ṣẹ́ ku nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ The Black President àti ti Alagbon Close tún ṣẹlẹ̀ nìyẹn: èyí tó wà nílé ẹnìkan bá ilé lọ, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kù.

Òfin Ẹ̀tọ́ Aṣẹ̀dá ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà kò béèrè ìforúkọsílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ tó wà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti wà lójú ìwé tàbí lórí kọ̀ǹpútà ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì sọ bí ilé ẹjọ́ yóò ṣe gba ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Àkọsílẹ̀ blockchain lè wọ ilé ẹjọ́ bí ẹlẹ́rìí, kò lè jókòó sórí àga adájọ́. Ká ní ẹnìkan fi fóònù ya páálí Alagbon Close lónìí, kí ó sọ ọ́ di NFT lórúkọ ara rẹ̀, kí ó sì pe àwọn tó ni ín lẹ́jọ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Blockchain yóò jẹ́rìí, yóò sì sọ òótọ́, pé ọjọ́ báyìí ni ó dé. Agbẹjọ́rò kejì kò ní láti bá ìwé yẹn jà. Yóò kàn gbé páálí ọdún 1974 kan, tó ti gbó létí, síwájú adájọ́.