Oòrùn Kọ́ Ló Wọ́n Wa: Òwò Iná Ló Ń Dí Sólà Lọ́wọ́ ní Nàìjíríà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, níbi àpérò àgbáyé lórí ojú ọjọ́ tó wáyé ní Glasgow, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣèlérí pé tó bá fi máa di ọdún 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sójú ọ̀run kò ní ju èyí tó lè mú kúrò lọ. Síbẹ̀, gáàsì ló ṣì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná orí wáyà ìjọba. Àwọn kan ní oòrùn tí kì í ràn lálẹ́ ló fà á. Mo takò wọ́n. Ọjà iná, níbi tí kò ti dá olùpèsè lójú pé yóò rí owó rẹ̀ gbà, ló fa ìdádúró náà.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ 14 tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú NBET, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ra iná lọ́wọ́ àwọn olùpèsè, pé àwọn yóò kọ́ ibùdó sólà tí àpapọ̀ agbára wọn ju 1,000 mẹ́gáwáàtì lọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kò sí ìkankan tó tíì gbé iná sórí wáyà. Sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà 11.5 ni àdéhùn wí fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Ìjọba ní kó wálẹ̀ sí 7.5. Àríyànjiyàn kejì dá lórí onídùúró: bí NBET kò bá rí owó san, ta ni yóò san án?

Ìbéèrè yẹn wúwo fún sólà ju bó ṣe wúwo fún gáàsì lọ. Ẹni tó ń lo gáàsì ń rà á bó ṣe ń ta iná. Bí ọjà kò bá lọ, ó lè dín èyí tó ń rà kù. Ẹni tó ń lo oòrùn ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ kí iná àkọ́kọ́ tó tàn, owó báńkì sì ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi gbà á padà. Báńkì wo ni yóò yá a, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé kò ní mítà, tí àwọn ilé-iṣẹ́ apínná kì í sì í rí gbogbo owó iná gbà?

Alẹ́ wá ńkọ́? Ìsédò Kainji lè pèsè 760 mẹ́gáwáàtì, ti Shiroro 600. Bí sólà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, a lè tọ́jú omi sẹ́yìn ìsédò, ká tú u sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí gbogbo ilé ń tanná. Ṣùgbọ́n wáyà tó lágbára ni yóò so méjèèjì pọ̀. Ìhà àríwá ni oòrùn ti mú jù, Èkó àti agbègbè rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wà, wáyà tó dà wó léraléra lọ́dún 2024 ló sì wà láàárín wọn.

Bí a bá fi ọjà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, olówó nìkan ni yóò rí ọ̀nà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023, àwọn tó lówó ń ra sólà àti bátìrì sílé. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ló ń san owó iná déédéé. Bí wọ́n ti ń lọ, ẹrù ń wúwo sí i lórí àwọn tó kù.

Òfin Iná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò ọjà iná tiwọn. Kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni wá kọ́ ibùdó sólà, kí wọ́n fi mítà sí gbogbo ilé, kí wọ́n ya owó ìrànwọ́ tálákà sọ́tọ̀ ní gbangba nínú ìṣúná, kí wọ́n má sì yí iye tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí padà. Ìpínlẹ̀ tó bá kọ́kọ́ ṣe èyí ni àwọn báńkì yóò kọ́kọ́ dá lóhùn.