Ìwádìí Orin Tí A Kò Gbọ́ Ìró Rẹ̀: Ohun Tó Kù Nínú Àpilẹ̀kọ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gboyè nínú ẹ̀kọ́ orin yóò kọ àpilẹ̀kọ, wọn yóò dì í, wọn yóò sì tò ó sí ilé ìkàwé. Ìlù tó lọ gbọ́ ní Ẹdẹ, orin tí ìyá àgbà kọ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró tó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di ìwádìí, inú fóònù ló fi í sí. Ọjọ́ tí fóònù bá bàjẹ́, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ohun tí mo dúró lé ni pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì pé, bó ti wù kí èdè inú rẹ̀ gún régé tó. Ìbáà ṣe ìtàn orin, ìbáà ṣe kíkọ orin tuntun, ìbáà ṣe ìlù lílù, kíkọ́ ọmọdé lórin tàbí fífi orin wo aláìsàn, ìró ni ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kó ìró náà wálé, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì kan ohun èlò rí, kò tíì rí ohun tó ń wádìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ayé, àmọ́ ó kan Yorùbá jù, nítorí pé ohùn ló ń pààlà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì lẹ́nu wa. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wa lé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, orin ń gòkè. Ìjọ ń fi tọkàntọkàn kọ ohun tí etí Yorùbá gbọ́ sí nǹkan mìíràn. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó lò ju ogójì ọdún lọ nídìí dùùrù Kàtídírà Krístì ní Marina, l'Ékòó, wá ojútùú sí i. Ìwé kékeré rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní 1953, ó sì fi yé ni nínú rẹ̀ pé orin wa àti ọ̀rọ̀ sísọ wa kò ṣeé yà nípá. Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí àwọn náà kọ orin, abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó jáde ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá Aníkúlápó, ti kọ orin ìsìn Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní àwọn ọdún 1920. Ẹ wo ohun tí èyí já sí fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Ìwé ìròyìn àtijọ́ lè sọ fún un pé àlùfáà kan kọrin. Kò lè fi ibi tó ti tẹ orin ba hàn án, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú. Àwo nìkan ló lè sọ ìyẹn. Bákan náà ni ti Túndé King, ẹni tí Parlophone gba jùjú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1936. Ẹni tó bá kọ odindi orí ìwé lórí ìbẹ̀rẹ̀ jùjú láìfi etí kan ọ̀kan nínú àwọn àwo yẹn, ohun tí ẹlòmíràn ti wí ló ń tún wí.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ìlù gan-an. Ìyálù dùndún wà léjìká onílù, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lára ọ̀sán, kọ̀ǹgọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó fẹ́ fi ìlù pe "ìwé". Lẹ́nu, fáwẹ̀lì tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ lókè tààrà. Nítorí ohùn ìsàlẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ńṣe ló ń yọ́ gòkè láti ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ onílù ní gírámà, síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n. Ó lu awọ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọ̀sán sílẹ̀ ní dídẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, kí ìró náà sì tó kú, ó ti ń fún ọ̀sán mọ́ra, ìró ń gòkè bó ti ń dún lọ. Kọ̀ǹgọ́ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmọ́ ìrìn wà nínú ohùn tó gbé jáde. Lálẹ́ ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti fóònù rẹ̀, ó fẹ́ kọ ohun tó gbọ́ sórí ìlà márùn-ún. Ó fi nóòtì kan sísàlẹ̀, ó fi òmíràn sókè, ó sì kọjá lọ. Ohun tó tìtorí rẹ̀ lọ sí Ẹdẹ ló jábọ́ láàárín nóòtì méjèèjì yẹn.

Ká ní òun náà ti gbé ìlù kọ́ èjìká, tí apá sì ti ro ó, kò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ì bá sọ fún un. Láti ibẹ̀ ni ìbéèrè gidi ti ń yọjú: báwo ni ìyọ́ ohùn náà ti pẹ́ tó? Ṣé bákan náà ló rí nígbà tí onílù ń ki ọba pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àti nígbà tí àwọn oníjó ti ń lé e níré? Ṣé ọmọ Àyàn ní Ọ̀yọ́ ń ṣe é bí ti Ẹdẹ ni? Praat, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè ń lò láti wọn ohùn, lè ya ìyọ́ náà sójú ẹ̀rọ kí gbogbo ènìyàn rí i. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò ní béèrè ohunkóhun. Ẹni tó ti lùlù ló mọ ohun tó yẹ ká béèrè.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1960, Mantle Hood ti Yunifásítì California ní Los Angeles kọ ọ́ sí jọ́nà pé ẹni tó bá fẹ́ wádìí orin àwọn ènìyàn kan gbọ́dọ̀ kọ́ ọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe, bí ó ti mọ ti ilé ara rẹ̀ ṣe. Akin Euba kàwé ní yunifásítì kan náà lẹ́yìn tó ti kọ́ píánò ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí oyè ọ̀mọ̀wé kàn, Legon ní Ghana ló lọ, dùndún ló sì fi ṣe iṣẹ́ tó gboyè lé lórí ní 1974. Ìwé rẹ̀ lórí dùndún jáde ní 1990, ó sì di ohun tí ẹnikẹ́ni tó ń kọ̀wé lórí ìlù wa kò lè fò dá. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kò yà kúrò lára orin tó ń kọ: nínú Scenes from Traditional Life, tó kọ fún píánò ní 1970, píánò ń gba ìwà ìlù. Joshua Uzoigwe, ọmọ Igbo tí òun náà ń kọ orin, kọ odindi ìwé lórí Euba. Ìlù ukom ilé ara rẹ̀ ló sì fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Belfast. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ láti 1946 di 1975, tiẹ̀ gba ọ̀nà kejì wọlé: onílù ni kábíyèsí, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá ní àwọn ọdún 1950. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, n kò rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́ nígbà tí kálámù ń sọ̀rọ̀.

Lórí kíkọ orin tuntun, díẹ̀ ni mo ní láti sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Bánkọ́lé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó kọ Three Yoruba Songs fún olórin kan àti píánò. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tó bá fi orin tuntun gboyè gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn akọrin kọ ọ́ jáde lójú àwọn olùdánwò, kí á gba ìró rẹ̀ sílẹ̀. Orin tó wà lórí bébà nìkan kò tíì di orin.

Ti ẹ̀kọ́ ọmọdé ló ká mi lára jù. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe lórí kíkọ́ni lórin jẹ́ ìwé ìbéèrè tí wọ́n pín fún olùkọ́: kí ni ìṣòro yín? Olùkọ́ á dáhùn pé kò sí ohun èlò, kò sí owó, àkókò kò tó. A ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, wọ́n ti pa orin pọ̀ mọ́ ọnà, ijó àti eré sábẹ́ Cultural and Creative Arts, kò sì sí ìwé ìbéèrè tó máa fi wákàtí kún un. Ọ̀nà mìíràn wà: Zoltán Kodály, olórin Hungary, ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ ní Budapest nígbà tó bọ́ sí abúlé ní 1905 láti kó orin àwọn àgbẹ̀ jọ. Ní 1906, ó gboyè ọ̀mọ̀wé lórí bí ẹsẹ orin ìbílẹ̀ Hungary ṣe tò. Òun àti Béla Bartók gbé ẹ̀rọ fonógíráàfù kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà ìkọ́ni tí ayé sì fi orúkọ Kodály pè lẹ́yìn náà, orí orin abúlé wọ̀nyẹn ló dúró lé.

Irú rẹ̀ ṣeé ṣe níbí, ó sì wà nítòsí ju bí a ti rò lọ. Nínú kíláàsì Yorùbá, dò, re, mí ni a fi ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn: dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè. Bí aago bá lù, tí olùkọ́ orin bá wọlé, yóò bẹ̀rẹ̀ sọ́fà lákọ̀tun, bí ẹni pé àwọn ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí. Ṣé ọmọ tó ti mọ dò, re, mí nínú èdè máa ń yára mọ sọ́fà ni? Àbí ó ń dí i lọ́wọ́? Ìdí tó fi lè dí i lọ́wọ́ wà: mí inú orin dúró sójú kan, àmọ́ mí inú ọ̀rọ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí gbólóhùn bá ti ń gùn, débi pé ohùn òkè tó wà ní ìparí lè má ga ju ohùn àárín tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú kíláàsì méjì, tó fi orin àlọ́ kọ́ wọn, tó gba ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù àti ní ìparí rẹ̀, yóò ní ìdáhùn tí olùkọ́ lè lò.

Nínú ìwòsàn, àìsí ẹ̀rí lè pa ènìyàn lára. Kí a kọrin fún aláìsàn mẹ́wàá fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a wá kọ ọ́ pé inú wọn dùn, kò fi ohunkóhun hàn. Inú ta ni kì í dùn sí orin? Iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀ láti ṣe. Ní 1973, Martin Albert, Robert Sparks àti Nancy Helm ní Boston gbé ọ̀nà kan jáde fún àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: aláìsàn á máa fi ohùn orin méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kọ gbólóhùn ṣókí, á sì máa fi ọwọ́ òsì kàn tábìlì bí sílébù ti ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì gba ohùn méjì yẹn mọ́ra. Yorùbá kò lè gbà á: ohùn àárín yóò di òkè tàbí ìsàlẹ̀, bàbá tó ń tiraka láti padà sọ̀rọ̀ yóò sì máa kọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Báwo ni ọ̀nà náà yóò ṣe rí bí a bá fi ohùn mẹ́ta àti ìyọ́ ohùn sí i? Bí a bá kọ́kọ́ fi gángan sọ gbólóhùn náà, tí aláìsàn gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó gbìyànjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ́? Oríkì tí wọ́n ti fi ń kì í láti kékeré ń kọ́, ṣé ẹnu á rọrùn sí i ju gbólóhùn tuntun lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ orin kò lè dá èyí ṣe. Ó nílò dókítà, onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ, ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn àti ti ẹbí. Ẹbí yẹn ṣe kókó: nígbà tí Adéoyè Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ, dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ jọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé ni, ó sì ń ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ẹni tó mọ oríkì aláìsàn kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Owó kọ́ ló ń dènà kí á da ohùn sórí ohun ìpamọ́ méjì, kí á kọ orúkọ onílù, ìlú, ọjọ́ àti irú ìlù sí i, kí á fi ọ̀kan lé ilé ìkàwé lọ́wọ́ pẹ̀lú àpilẹ̀kọ. Àtakò tó wúwo jù ni pé ìlù kan wà tí kò yẹ kí gbogbo etí gbọ́. Òótọ́ ni. Bí onílù bá ní kí a má gba ti orò tàbí ti egúngún sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ pa ẹ̀rọ, kó sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ ni òun dúró. Èyí tí onílù bá sì yọ̀ǹda, kí orúkọ rẹ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú ti alábòójútó iṣẹ́, kí á san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kí á sì pè é sí ìdánwò ẹnu. Bí ó bá gbọ́ àgbàsílẹ̀ náà, tó gbọ́ àlàyé akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ní ohun tí òun fi ìlù wí kọ́ nìyẹn, kí àpilẹ̀kọ padà lọ fún àtúnṣe, gẹ́gẹ́ bí yóò ti rí bí ó bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀.