Àlejò àti Onílé: Ìtàn Wíwọn Eruku àti Èéfín Ojú Sánmà ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin

Lọ́dọọdún, láàárín oṣù Ọ̀pẹ̀ sí Èrèlé, ọyẹ́ a máa dé bá Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin. Ètè á bó, aṣọ tí wọ́n sá á gbẹ kíákíá, eruku lẹ́búlẹ́bú á sì bo gíláàsì ọkọ̀ àti páànù òrùlé. Àlejò ni eruku yìí. Àwọn onílé náà wà nínú afẹ́fẹ́ kan náà: èéfín ọkọ̀ láti Ojúẹlẹ́gba dé Jíbówú, èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín àwọn tó ń yan ẹja ní Màkókò, èéfín ìyẹ̀ pákó irú èyí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún sun ní sọ́míìlì Oko Bàbá ní Ẹ̀bùtè Mẹ́tà, àti iyọ̀ tí ìgbì òkun ń fọ́n sókè. Aerosol ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe gbogbo wọn lápapọ̀: ohun wínníwínní, líle tàbí olómi, tó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Ó lé ní igba ọdún kí ìmọ̀ tó dé ibi tí wọ́n ti lè ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára onílé.

Yorùbá ti ń pe ọyẹ́ lórúkọ kí ìwé kankan tó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lára àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ nípa rẹ̀ ní etíkun yìí ni èyí tó jáde ní 1781 nínú ìwé ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Matthew Dobson, dókítà kan ní Liverpool, ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí Robert Norris fojú rí ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ló gbé e lé. Òwò ẹrú ló gbé Norris dé etíkun náà. Ó ṣàkíyèsí pé kùrukùru ń bo oòrùn fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́, àti pé tó bá yọ lọ́sàn-án, pípọ́n ló ń pọ́n.

Ní 1832, Charles Darwin gbá eruku jọ lórí ọkọ̀ ojú omi Beagle nítòsí àwọn erékùṣù Cape Verde. Nígbà tí Ehrenberg, onímọ̀ ará Jámánì, fi máíkírósíkópù wo irú eruku bẹ́ẹ̀, ó bá àjẹkù àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín nínú rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti omi dídùn, kì í ṣe ti òkun. Báwo ni ohun inú omi ṣe dé inú eruku aṣálẹ̀? Ìbéèrè yẹn wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ojú ènìyàn ni irinṣẹ́ pàtàkì tí wọ́n fi ń wọn ọyẹ́. Òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ á wo ilé gíga, òpó tàbí òkè tó mọ bó ṣe jìnnà sí òun tó, á sì kọ èyí tó jìnnà jù lọ tó ṣì ń rí sílẹ̀. Òṣòdì, tó pààlà pẹ̀lú Muṣin, di ojúkò iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, ibẹ̀ náà sì ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ wà. Ní 1979, A. E. Kalu, onímọ̀ ojú ọjọ́ ọmọ Nàìjíríà, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan bí eruku ṣe ń gbéra láti ìhà Chad, tó sì ń tàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn bá wà nìkan ni ojú ti ń ríran, àárín aṣálẹ̀ kò sì ní ẹni tí yóò dúró kọ ọ́ sílẹ̀.

Ojú tó lè wo aṣálẹ̀ wá láti òkè. Ní 1978, Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì Nimbus-7 lọ sí ojú ọ̀run. TOMS, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ara rẹ̀, wà fún wíwọn òsóònù. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún ni àwọn onímọ̀ rí i pé eruku àti èéfín ti fi àmì sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ti tún un yẹ̀ wò, ibì kan ta yọ: Bodélé, ní àríwá ilẹ̀ Chad. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ ni. Adágún Chad òde òní ni ìyókù rẹ̀. Karawun àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú omi dídùn ló di ilẹ̀ funfun níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi a máa le sí i bí ọ̀nà ṣe ń há mọ́ ọn, a sì máa gbá ilẹ̀ náà bí ìgbálẹ̀. Ohun inú omi lè wà nínú eruku aṣálẹ̀, torí pé omi ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀.

Sátẹ́láìtì Terra gbéra ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 1999, Aqua sì tẹ̀ lé e ní oṣù Èbìbí 2002. Ẹ̀rọ MODIS wà lára àwọn méjèèjì, ní nǹkan bí kìlómítà 705 lókè. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ta padà láti ilẹ̀ àti sánmà ló ń wọ̀n. Igbó àti òkun dúdú lójú rẹ̀. Bí eruku bá bò wọ́n, wọ́n á mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò bí aerosol ṣe dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà tó. Bí ìwọ̀n náà bá jẹ́ 1, tí oòrùn sì kan àtàrí, nǹkan bí ìdá 37 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ tààrà láti ara oòrùn ló ń dé ilẹ̀.

Ìlú bí Èkó nira fún ìṣirò yìí. Páànù àti kọnkéré ń dán lójú sátẹ́láìtì bí aṣálẹ̀ ṣe ń dán. Ní 2004, Christina Hsu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Deep Blue jáde, èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ búlúù, nítorí pé ilẹ̀ tó ń dán kì í fi bẹ́ẹ̀ dán nínú rẹ̀. Ìṣòro mìíràn ni ti ìwọ̀n àwòrán. Àwòrán aerosol MODIS ìbẹ̀rẹ̀ ka kìlómítà 10 níbùú àti kìlómítà 10 lóròó sí àmì kan ṣoṣo. Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin lè kó wọ inú àmì yẹn pọ̀, kí èéfín Màkókò àti afẹ́fẹ́ ìta tó dákẹ́ ní Sùúrùlérè di nọ́ńbà kan náà. Àwọn ìṣirò tó dé lẹ́yìn ti sọ ọ́ di kìlómítà 3, lẹ́yìn náà kìlómítà 1. Ti ìkùukùu kò tíì lójútùú: nígbà òjò, ó lè bo Èkó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, sátẹ́láìtì kò sì ní rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń wò láti òkè nílò ẹlẹ́rìí nílẹ̀. Ní 1998, Yunifásítì Ìlọrin di ọ̀kan nínú àwọn ibùdó AERONET, ìyẹn àkójọ ẹ̀rọ tó ń wo oòrùn tààrà láti ilẹ̀, tí NASA ń darí. Ojú ọ̀nà eruku ni Ìlọrin wà, nọ́ńbà rẹ̀ sì wúlò gidigidi fún yíyẹ ti sátẹ́láìtì wò. Ṣùgbọ́n ó lé ní kìlómítà 250 sí Muṣin: kò lè jẹ́rìí èéfín Èkó tàbí iyọ̀ òkun rẹ̀. Láti 2006 sí 2023, sátẹ́láìtì CALIPSO fi ìmọ́lẹ̀ lésà wọn bí eruku ṣe ga tó, èyí tó ṣe pàtàkì torí pé eruku tó wà lókè réré kọ́ ni ènìyàn ń mí símú.

Ìṣirò kọ̀ǹpútà ló ń so gbogbo èyí pọ̀. Kọ̀ǹpútà á pín sánmà sí yàrá yàrá. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, á ṣírò iye eruku tí afẹ́fẹ́ gbé dìde, iye tó gbé wọlé àti iye tó gbé jáde, iye tí òjò fọ̀ dànù àti iye tó rọra bọ́ sílẹ̀. Ohun tí sátẹ́láìtì bá rí ni wọ́n fi ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Lára irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, MERRA-2 ti NASA ka ọjọ́ sẹ́yìn dé 1980, ti CAMS ilẹ̀ Yúróòpù dé 2003. Ní 2007, Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé dá ètò kan sílẹ̀ fún ìkìlọ̀ nípa ìjì eruku.

Ní oṣù Òkúdu àti Agẹmọ 2016, ìwádìí DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, àti Kumasi ní Gánà. Ọkọ̀ òfúrufú mẹ́ta sì ń gbéra láti Lomé. Àbájáde rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: nígbà òjò, èyí tó pọ̀ nínú aerosol etíkun wá láti inú iná tí wọ́n ń sun ní Ààrin Gbùngbùn àti gúúsù Áfíríkà, tí afẹ́fẹ́ sì gbé kọjá lórí òkun. Àlejò méjì ló ń bẹ etíkun wò lọ́dún: ti àríwá nígbà ọyẹ́, ti gúúsù nígbà òjò.

Àwọn onílé kò sì kéré. Èérún tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ, tí irun orí nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30, ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìpíndọ́gba rẹ̀ lọ́dún má ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé tó jáde ní 2020 fojú bù ú pé ní 2018, afẹ́fẹ́ búburú fa ikú àìtọ́jọ́ tó tó 11,200 ní Èkó, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Láti 2020 sí 2021, wọ́n fi ọdún kan wọn afẹ́fẹ́ nílẹ̀ ní ibùdó mẹ́fà káàkiri Èkó.

Ibi tí ìtàn náà dé nìyí. Sátẹ́láìtì ń sọ ibi tí eruku ti wá. Ẹ̀rọ ilẹ̀ ń sọ ohun tó ń wọ imú. Kò sẹ́ni tó lè dá afẹ́fẹ́ Bodélé dúró, àfi kí wọ́n kìlọ̀ ṣáájú kó tó dé. Èéfín jẹnẹrétọ̀, ti ọkọ̀ àti ti ìyẹ̀ pákó, ọwọ́ ènìyàn ló dá a, ọwọ́ ènìyàn náà ló sì lè dín in kù.